Fọ́ọ̀mù Tí Ó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Dá Mi Padà Sílé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi rìn jìnnà, mo dé Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n n kò tí ì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ Nàìjíríà tí mo ti rí abuké tèmi. Kì í ṣe ẹranko, kì í sì í ṣe ènìyàn. Fọ́ọ̀mù ni.

Ìwọ ọmọ mi tí o ń múra ìdánwò, bí o bá pàdé orí ọ̀rọ̀ bíi 'Ìrìnàjò kan tí n kò lè gbàgbé', má ṣe sáré lọ máa kọ nípa ìjàm̀bá ọkọ̀ tí o kò rí rí. Mo ti ka irú àròkọ bẹ́ẹ̀ tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Gbogbo bọ́ọ̀sì inú wọn ni bíréèkì rẹ̀ já lórí òkè, gbogbo èrò inú wọn ni ó sì kú, àfi ẹni tí ó ń kọ àròkọ. Ohun tí ojú rẹ rí ni kí o kọ, bí ó ti wù kí ó kéré mọ. Ohun tí ojú tèmi rí nìyí.

Ọmọ Kàbà ni mí, láàrin àwa Òkun tí ìkíni wa ti di orúkọ wa. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe, mo sì ṣe é ju ọgbọ̀n ọdún lọ ní àwọn ilé-ìwé girama kí n tó fẹ̀yìntì. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún mi níbẹ̀, èyí tí mo mọ̀ jù ni fọ́ọ̀mù ìdánwò. Nígbà tí a kò tí ì máa fi kọ̀ǹpútà forúkọ sílẹ̀, pẹ́ńsù ni àwọn ọmọ fi ń kun àwọn ojú kéékèèké inú fọ́ọ̀mù náà, èmi ni mo sì máa ń dúró lé wọn lórí. Gbólóhùn kan ni mo máa ń pariwo títí ohùn mi yóò fi há: 'Ẹ ka ìbéèrè kí ẹ tó kọ ìdáhùn!' Àwọn ọmọ fi ṣe orúkọ àlàjẹ́ fún mi. Wọ́n rò pé n kò mọ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ọmọ mi obìnrin tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù bímọ. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde. Ọkọ rẹ̀ ṣì wà ní Èkó, kò tí ì rí físà gbà, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ilé pẹ̀lú rẹ̀ ní Woolwich tí ó ń gbé. Bí ó bá pè mí lórí fóònù, bí ó bá ti ní 'Màmá', ẹkún ni yóò tẹ̀ lé e. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé ohun tí ó wúwo. Ta ni yóò wẹ ọmọ? Ta ni yóò pọ̀n ọ́n kí ìyá rẹ̀ lè fi ojú kan oorun? Físà tèmi ti wà nínú pásípọ́ọ̀tù mi ṣáájú àkókò náà. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú tí yóò gbéra ní Àbújá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí nígbà náà kí ọ̀rọ̀ mi lè yé ọ. Láyé àtijọ́, inú ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n ti máa ń pín káàdì pélébé fún àwọn àlejò tí ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọn kì í ṣe ará Yúróòpù. Bírò ni wọ́n fi ń kọ ọ́, wọn a sì fà á lé òṣìṣẹ́ ìmígírésọ̀n lọ́wọ́ bí wọ́n bá gúnlẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ni ìjọba wọn fi òpin sí káàdì náà. Àwọn arìnrìn-àjò kò tí ì gbádùn rẹ̀ pẹ́ tí àrùn Kòrónà fi dé. Láti ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 2020, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé ẹni tí ó bá ń bọ̀ gbọ́dọ̀ kọ fọ́ọ̀mù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàrin wákàtí 48 tí ó ṣáájú ìgúnlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n béèrè orúkọ, nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù, nọ́ńbà ọkọ̀ òfurufú, àwọn orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ti dé láàrin ọjọ́ mẹ́wàá, àti àdírẹ́sì ilé tí yóò dé sí. Ìdí rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá rí aláìsàn kan nínú ọkọ̀, wọ́n fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti lè rí àwọn tí ó bá a jókòó.

Wọ́n sì pín àwọn orílẹ̀-èdè ayé sí àwọ̀ mẹ́ta bí iná ojú títì: pupa, ìyeyè, àti àwọ̀ ewé. Inú ìyeyè ni Nàìjíríà wà. Ẹni tí ó bá ti ọ̀dọ̀ wa lọ yóò ṣe àyẹ̀wò kí ó tó gbéra, yóò jókòó sínú ilé fún ọjọ́ mẹ́wàá bí ó bá débẹ̀, yóò tún ṣe àyẹ̀wò ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹjọ, nọ́ńbà tí ó fi hàn pé ó ti sanwó àyẹ̀wò méjèèjì yìí yóò sì wà nínú fọ́ọ̀mù. Kíyè sí ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì yẹn, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Kí ni ìyá àgbà mọ̀ nípa íntánẹ́ẹ̀tì? Bẹ́ẹ̀ ni mo wí fún ara mi, ọ̀lẹ ni ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ rí ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Kàbà. Kí n tó kúrò nílé ní Ọjọ́rú láti lọ ṣe àyẹ̀wò ní Àbújá, mo fi ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù mi sílẹ̀ fún un, mo ní bí ó bá di ọjọ́ Ẹtì kí ó bá mi kọ fọ́ọ̀mù náà, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ó ní, 'Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá, ẹ ṣáà máa di ẹrù yín.' Mo gba Ọ̀bàjánà lọ sí Lọ́kọ́jà, mo wọ ọkọ̀ Àbújá níbẹ̀, mo sì dé sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Gwagwalada.

Ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, èsì àyẹ̀wò mi jáde, kò sí àrùn lára mi, mo yọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n mú iná lọ láti ọ̀sán títí di alẹ́, fóònù mi sì kú. Nígbà tí iná dé tí mo tan fóònù, mo bá àwòrán fọ́ọ̀mù náà níbẹ̀, pẹ̀lú àmì onígun mẹ́rin dúdú òun funfun tí ẹ̀rọ ń kà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, mo sì ṣàdúrà fún un. N kò kà á. Jẹ́ kí n tún un sọ: n kò kà á. Èmi ẹni tí ń pariwo lé ọmọ ọlọ́mọ lórí, mo wo fọ́ọ̀mù tí ó ní orúkọ mi nínú bí ẹni wo àwòrán ìgbéyàwó.

Ilẹ̀ kò tí ì mọ́ tán tí mo ti wà ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Nígbà tí ó kàn mí, arábìnrin tí ó wà lórí káńtà gba pásípọ́ọ̀tù mi, ó gba fóònù mi, ó wo èyí, ó wo ìyẹn, ó tún wò ó.

'Màmá, ta ni ó kọ èyí fún yín?'

Mo ní ọmọ mi kan ni.

'Níbo ni ẹ máa dé sí?'

'Ilé ọmọ mi obìnrin ni. Woolwich.'

'Ohun tí ẹ kọ síbí kọ́ nìyẹn, Màmá. Ilé ìtura ni ẹ kọ.'

Àyà mi já. Mo gba fóònù náà, mo gbé ìgò ojú mi wọ̀, mo sì ka fọ́ọ̀mù mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù mi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà A, òdo ni ó sì tẹ̀ lé e. Ọmọ náà kọ lẹ́tà O sí ipò òdo. Ó fi orúkọ tí bàbá mi sọ mí sí ibi orúkọ ìdílé, ó fi orúkọ ìdílé ọkọ mi sí ibi tí ó yẹ kí orúkọ tèmi wà. Ó kọ ilé ìtura kan tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, ẹ̀jẹ́ wà níbẹ̀ pé òtítọ́ ni gbogbo ohun tí mo sọ, pé mo mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin bí mo bá purọ́. Wọ́n ti fi àmì sí i pé mo gbà. Èmi ni mo purọ́ nìyẹn o, n kò sì tí ì la ẹnu.

Mo pe ọmọ náà. Oorun ni ó wà. Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, mo pè yín títí lánàá, fóònù yín kò lọ. Bí n kò bá sì kọ nǹkan kan síbẹ̀, kò ní jẹ́ kí n kọjá. Mo ní kí n ṣáà fi nǹkan dí i.'

Kí n ṣáà fi nǹkan dí i! Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, ṣé o gbọ́ gbólóhùn yẹn? Èmi gbọ́ ọ, mo sì mọ ibi tí ó ti kọ́ ọ. Àwa olùkọ́ ni a máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má fi àyè sílẹ̀ lófo nínú ìwé ìdánwò, bí wọn kò bá tilẹ̀ mọ ọ̀n, kí wọ́n kọ nǹkan kan. Nínú ìdánwò, èyí tí ó burú jù ni pé o kò ní gba máàkì. N kò lè bínú sí ọmọ náà. Mo ní kí ó padà lọ sùn.

Arábìnrin náà kò fi ohùn líle bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Bí wọ́n bá gbé ẹni tí ìwé rẹ̀ kò péye dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lè bu owó ìtanràn lé ilé-iṣẹ́ wọn. Ó ní, 'Màmá, ẹ lè kọ òmíràn. Ó ku wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí a tó ti ibí pa. Bí ẹ kò bá dé kí a tó tì í, a ó lọ.'

Mo wọ́ ẹrù mi lọ sí ìdí òpó kan, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Fóònù mi wà, ṣùgbọ́n dátà kò sí nínú rẹ̀. Ohun tí mo rí lójú mi ni ọmọ mi lórí ibùsùn, ọmọ tuntun ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì lè bẹ̀rẹ̀ gbé e. N kò mọ̀ pé mo ti ń dá sọ̀rọ̀ ní èdè ilé wa. Ni mo bá gbọ́ ohùn kan lókè orí mi: 'Òkun o, Ìyé.'

Ọmọbìnrin kan ni, kò lè ju ogún ọdún lọ, Ìsánlú ni wọ́n ti wá. Ó jókòó tì mí lórí ilẹ̀ náà. Ó ní òun yóò fi dátà tòun sí fóònù mi, kí n gbé e wá kí òun bá mi kọ ọ́. Mo ní rárá. Mo ní kí ó jókòó kí ó máa wò mí, èmi ni n ó kọ ọ́. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni ímeèlì. Mo ní ọ̀kan, èyí tí mo ṣí nígbà tí mo ń sáré owó ìfẹ̀yìntì mi kiri. Ẹ̀yìn ìwé tí mo ń kọ ìnáwó sí ni mo kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ sí, ìwé náà sì wà nínú báàgì mi. (Mo mọ̀ pé wọ́n ní kí a má ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn, ohun tí mo kọ sílẹ̀ ni ó gbà mí.) Lẹ́yìn èyí ni orúkọ. Àwa máa ń kọ orúkọ ìdílé ṣáájú, tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Mo fi ìka mi sí ojú ìwé pásípọ́ọ̀tù, mo ń wo ohun tí wọ́n kọ sí ibi kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ ọ́ bí mo ti rí i. Ọmọbìnrin náà ń pe nọ́ńbà sí mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: A, òdo. Mo tẹ òdo. Àdírẹ́sì ọmọ mi wà nínú ọ̀rọ̀ tí ó fi ránṣẹ́ sí mi, títí dé àmì ìfìwéránṣẹ́ rẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SE18. Nọ́ńbà àyẹ̀wò méjèèjì tí ó sanwó rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo ìdáhùn ni ó ti wà lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ yìí wá!

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó padà. Nígbà tí mo dé ibi ẹ̀jẹ́, mo kà á jáde ketekete, bí ìgbà tí mo bá ń ka àyọkà fún kíláàsì, tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin kan tí ń kọjá fi dúró wò mí. Mo fi àmì sí i. Mo tẹ̀ ẹ́ pé kí ó lọ. Nǹkan kan ń yí lójú fóònù bí òkòtó, ó ń yí, ó ń yí, ọmọbìnrin náà di apá mi mú. Lẹ́yìn náà ni àmì dúdú òun funfun jáde.

Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá nígbà tí mo dé ẹnu káńtà. Arábìnrin náà wò ó, ó wo pásípọ́ọ̀tù, ó sì fa ẹrù mi lé orí òṣùwọ̀n. Kí n tó bojú wẹ̀yìn láti dúpẹ́, ọmọ Ìsánlú ti wọlé lọ síbi tí ọkọ̀ tirẹ̀ wà.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, òṣìṣẹ́ ìmígírésọ̀n béèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí mo ń lọ àti iye ọjọ́ tí n ó lò, mo dá a lóhùn, ó lu òǹtẹ̀. Mo wẹ ọmọ ní alẹ́ ọjọ́ náà. N kò ní máa ròyìn ìyẹn. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan ni, ó dúró lókèèrè, ó pe orúkọ mi bí ó ti wà nínú fọ́ọ̀mù, ó ní kí n fi ìwé ìdánimọ̀ hàn. Mo gbé pásípọ́ọ̀tù sókè, ọmọ wà ní ẹ̀yìn mi. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Èmi dúró sí ẹnu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, mo ń rò ó pé ilé ìtura tí n kò mọ̀ ni ọkùnrin yìí ìbá lọ lónìí láti lọ wá mi.

Fọ́ọ̀mù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn dópin ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2022, ṣùgbọ́n àṣà náà kò bá àrùn Kòrónà lọ. Màlésíà ní tirẹ̀. Táíláǹdì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, láàrin ọjọ́ mẹ́ta tí ó ṣáájú ìgúnlẹ̀ ni àlejò yóò sì kọ ọ́. Ọjọ́ kan náà gan-an ni Nàìjíríà tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í lo káàdì orí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn àlejò tí ń wọlé àti àwọn tí ń jáde. Nítorí náà, bí ọ̀nà bá la fún ọ lọ́la, ó ṣeé ṣe kí o pàdé wọn. Fọ́ọ̀mù Táíláǹdì àti ti Màlésíà kì í gba owó. Àwọn oníjìbìtì ni wọ́n ṣe ojúlé tí ó jọ tiwọn, tí wọ́n sì ń gba owó. Ará Amẹ́ríkà a máa kọ oṣù ṣáájú ọjọ́, nítorí náà wo ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ àyè kí o tó kọ ọjọ́ ìbí rẹ. Àmì ohùn orúkọ wa kò sí nínú pásípọ́ọ̀tù, má ṣe fi í sí fọ́ọ̀mù bí ó ti wù kí ó dùn ọ́ tó, ó dun èmi náà. Ti ìlú ìbí ni ó sì máa ń da àwa ará Kàbà láàmú. Ọdún 1967 ni wọ́n bí mi, ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀, Kwara sì ni ó wà nínú gbogbo ìwé ilé-ìwé mi. Ọdún 1991 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Kogí sílẹ̀, Kogí sì ni ó wà nínú pásípọ́ọ̀tù mi. Méjèèjì kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n pásípọ́ọ̀tù ni ẹ̀rọ ń wò.

Ọmọ tí mo lọ wẹ̀ ti ń lọ sí ilé-ìwé báyìí. Àwọn ará àdúgbò ti gbọ́ ìtàn mi, wọ́n sì ti sọ ilé mi di ibi tí wọ́n ń gbé fọ́ọ̀mù wá. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ìyàwó àbúrò ọkọ mi tí ń ta aṣọ dé, ó ń lọ ra ọjà ní Táíláǹdì. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi, ó ní, 'Ẹ bá mi kọ ọ́, Màmá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n.' Mo fún un ní àga. Mo ní kí ó mú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ jáde, kí ó sì ka ìbéèrè kìíní sí mi létí.